Kí Ni Ó Gbé Ilé Ró? Àgbéyẹ̀wò Afárá Menai, Ilé Olódi Penrhyn àti Òpó Ààfin Ọ̀yọ́-Ilé ní Ọdún 1826

Ìfáàrà

Ní ọjọ́ 23, oṣù kìíní, ọdún 1826, Hugh Clapperton, ọ̀gá kan nínú ọmọ ogun ojú omi Bìrìtéènì, wọ Ọ̀yọ́-Ilé, ìlú tí ó pè ní Katunga nínú àkọsílẹ̀ ìrìn àjò rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìgbà náà, ní ọjọ́ 30 oṣù yẹn kan náà, a ṣí afárá Menai ní àríwá Wales fún àwọn arìnrìn-àjò. Thomas Telford ni ó ṣe ètò afárá náà. Ọmọ Dumfriesshire, ní gúúsù Scotland, ni Telford àti Clapperton jọ jẹ́. Ọ̀kan ń so irin rọ̀ lójú omi, èkejì ń wo òpó ní àgbàlá Aláàfin. Ní àkókò yìí kan náà, níbi tí kò jìnnà sí afárá Menai, àwọn òṣìṣẹ́ wà lẹ́nu kíkọ́ ilé olódi Penrhyn fún ọlọ́rọ̀ kan tí púpọ̀ nínú owó rẹ̀ ti oko ìrèké Jàmáíkà wá.

Àwọn tó ń kọ ìtàn iṣẹ́ ilé kíkọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún kì í fo afárá Menai, wọ́n a sì máa mẹ́nu ba Penrhyn. Ṣàṣà ni ibi tí a ti ń rí ààfin Ọ̀yọ́-Ilé láàrin wọn. Bí ọmọ Yorùbá bá fẹ́ fèsì, ohun tó sábà máa ń ṣe ni pé yóò ka bí ààfin náà ti tóbi tó, kí ó lè gba àyè fún un láàrin àwọn ilé olókùúta. Èsì yẹn ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n ó gba òṣùwọ̀n ẹlòmíràn láìbéèrè bóyá òṣùwọ̀n náà péye. Ìbéèrè mìíràn ni a ó fi wo iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nínú àgbéyẹ̀wò yìí: kí ni ó gbé e ró, ǹjẹ́ ó sì jẹ́ kí ẹni tó ń wò ó mọ̀?

Èrò wa ni pé afárá Menai fi ohun tó gbé e ró hàn nínú ìrísí rẹ̀. Pé ilé olódi Penrhyn fi tirẹ̀ pamọ́. Pé àwọn òpó Ọ̀yọ́-Ilé sọ tiwọn ketekete, bí ohun tí wọ́n sọ tilẹ̀ ń ba ọkàn jẹ́. A ó sì jiyàn pé ó yẹ kí àwa tí à ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa Yorùbá ka ohun tí àwọn òpó náà sọ dé òpin, kí a má ka kìkì apá tó dùn mọ́ wa nínú.

"Gbígbé ró" gẹ́gẹ́ bí òṣùwọ̀n

Èdè Yorùbá ti ní òṣùwọ̀n yìí tipẹ́. À ń sọ pé òpó gbé ilé ró, à ń sọ pé ènìyàn gbé ènìyàn ró. Ìdílé kan tilẹ̀ wà tí oríkì orílẹ̀ rẹ̀ ń jẹ́ Òpómúléró: nínú orúkọ yẹn, ènìyàn ni òpó, ìdílé ni ilé. Nítorí náà, nígbà tí lámèyítọ́ bá béèrè ohun tó gbé ilé kan ró, ìbéèrè méjì ni ó ń béèrè pọ̀. Èkíní ni pé ohun èlò wo ni kò jẹ́ kí òrùlé já lulẹ̀. Èkejì ni pé iṣẹ́ ta ni, owó ta ni, ọrùn ta ni ó ru ẹrù náà. Àwọn tó ń fi òkúta, gíga àti ọjọ́ orí díwọ̀n ilé máa ń dáhùn èkíní dáadáa. Èkejì ni wọ́n sábà máa ń fi sílẹ̀ fún òpìtàn, bí ẹni pé kò sí lára ilé náà.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tí a ó máa pàdé ni ẹ̀wọ̀n. Ẹ̀wọ̀n ni ìtàn ìwáṣẹ̀ sọ pé Odùduwà bá rọ̀ sí Ifẹ̀. Ẹ̀wọ̀n náà ni a fi ń de ẹrú, òun náà ni a sì ń pe ilé tí a ń ti ọ̀daràn mọ́. Ohun kan ṣoṣo ni, ó lè so ayé mọ́ ọ̀run, ó sì lè so ẹsẹ̀ ènìyàn mọ́ ilẹ̀. Ẹni tó bá ń wo iṣẹ́ ọdún 1826 kò gbọdọ̀ gbàgbé ìtumọ̀ kankan nínú wọn.

Afárá Menai: irin tí kò purọ́

Ọ̀nà omi tóóró kan ni ó ya erékùṣù Anglesey kúrò lára Wales. Omi ibẹ̀ a máa ṣàn kíkankíkan bí òkun bá ń kún tàbí tó bá ń fà. Kí afárá tó dé, ọkọ̀ ojú omi ni èrò fi ń kọjá, àwọn darandaran a sì da màlúù wọn sómi kí wọ́n lúwẹ̀ẹ́ dé òdìkejì. Láti ọdún 1801 tí a ti so Ireland pọ̀ mọ́ Bìrìtéènì lábẹ́ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin kan, àwọn aṣòfin àti lẹ́tà tó ń ti Dublin bọ̀ ní láti dé London kánkán. Ìjọba fẹ́ ọ̀nà tó yá láti London dé èbúté Holyhead, afárá Menai sì jẹ́ ibi tó le jù lọ lórí ọ̀nà náà.

Àwọn aláṣẹ ọmọ ogun ojú omi ní kí afárá náà fi ẹsẹ̀ bàtà 100 ga ju omi lọ, kí ọkọ̀ onígbòkun lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, kí ohunkóhun má sì dí ojú omi náà. Afárá olókùúta tó tẹ̀ bí ọrun ọdẹ kò lè tẹ́ wọn lọ́rùn. Telford bá so afárá rọ̀. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní 1819. Ó kọ́ ilé gogoro méjì tí gíga ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 153, ó na ẹ̀wọ̀n irin 16 láti orí ọ̀kan dé orí èkejì, ó sì fi ọ̀pá irin so ọ̀nà onípákó rọ̀ sábẹ́ àwọn ẹ̀wọ̀n náà. Àlàfo tó wà láàrin gogoro méjèèjì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 579. Ní ọjọ́ 26, oṣù kẹrin, ọdún 1825, wọ́n gbé apá tó gùn nínú ẹ̀wọ̀n àkọ́kọ́ sórí igi tí a so pọ̀ léfòó, wọ́n tì í dé àárín omi, àwọn ọkùnrin bí 150 sì fi ẹ̀rọ ìyíkùn fà á títí ó fi gun orí gogoro.

Ẹwà afárá yìí wà nínú bí ó ti pín iṣẹ́ fún ohun èlò. Òkúta lè gba ìtẹ̀mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n bí a bá fà á, yóò ya. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ lè gba fífà, ṣùgbọ́n bí a bá tì í lórí, yóò wọ́. Ọmọ darandaran ni Telford, iṣẹ́ fífi òkúta kọ́lé ni ó sì kọ́kọ́ kọ́ kí ó tó di ẹnjiníà. Ó fún òkúta ní iṣẹ́ òkúta, ó fún irin ní iṣẹ́ irin. Ẹni tí kò mọ ìṣirò kankan, bí ó bá dúró létí omi, lè fi ojú tọ ẹrù náà láti ara pákó dé ara ọ̀pá, láti ara ọ̀pá dé ara ẹ̀wọ̀n, láti ara ẹ̀wọ̀n gba orí gogoro kọjá, títí dé inú àpáta tí a dè é mọ́. A kò fi ògiri bo iṣẹ́ náà, a kò sì fi ère dá ojú ẹni tó ń wò ó rú.

Bí ó ti wà níhòòhò báyìí ni àléébù rẹ̀ náà ṣe hàn síta. Ọ̀nà orí rẹ̀ fúyẹ́ jù, kò sì ní ohun tó mú un le tó láti dojú kọ afẹ́fẹ́. Ìjì oṣù kìíní ọdún 1839 bà á jẹ́ gidigidi, a sì ní láti tún un ṣe. Láàrin ọdún 1938 sí 1941, a yọ àwọn ẹ̀wọ̀n Telford kúrò, a fi tuntun rọ́pò wọn. Ẹni tó bá gba orí afárá Menai lónìí, orí ẹ̀wọ̀n ọ̀rúndún ogún ni ó ń gbà, láàrin òkúta ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Kókó yìí yóò wúlò fún wa nígbà tí a bá dé orí òrùlé koríko.

Òtítọ́ afárá náà ní ààlà. Ó sọ gbogbo ohun tó yẹ nípa ẹrù àti agbára, ṣùgbọ́n kò sọ nǹkan kan nípa ohun tí àwọn ará Ireland rò nípa ìsopọ̀ tí a torí rẹ̀ kọ́ ọ. Ó dáhùn ìbéèrè wa èkíní tán pátápátá, ó sì dákẹ́ lórí èkejì. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn kò tíì di ẹ̀tàn. Ìyàtọ̀ tó wà láàrin ìdákẹ́jẹ́ àti ẹ̀tàn ni a ó rí ní Penrhyn.

Ilé olódi Penrhyn: ògiri tó fi ìtàn rọ́pò ìtàn

Lẹ́bàá ìlú Bangor, ìrìn díẹ̀ sí afárá Menai, ni ilé olódi Penrhyn wà. Thomas Hopper ni ó ṣe ètò rẹ̀ fún George Hay Dawkins-Pennant. Nǹkan bí ọdún 1820 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó sì gbà ju ọdún mẹ́wàá lọ. Ilé àwọn Norman, àwọn jagunjagun tó gba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1066, ni Hopper fi ṣe àwòkọ́ṣe: gogoro ràgàjì, ògiri nínípọn, fèrèsé tí orí rẹ̀ ṣe róbótó, ojú ènìyàn àti ti ẹranko abàmì lára òkúta. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i lè búra pé ó ti wà níbẹ̀ láti nǹkan bí 700 ọdún kí Telford tó ra irin.

Kò yẹ kí a fojú tẹ́ńbẹ́lú iṣẹ́ ọwọ́ tó wà níbẹ̀. Gbọ̀ngàn ńlá rẹ̀ ga, ìmọ́lẹ̀ inú rẹ̀ sì ń já wọlé bí ti ilé ìjọsìn. Síléètì, òkúta pẹlẹbẹ tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wa nígbà kan rí ń kọ̀wé sí, ni wọ́n fi gbẹ́ ibùsùn kan níbẹ̀ tí ó wúwo tó tọ́ọ̀nù kan. Síléètì kò sọ ara rẹ̀ di ibùsùn bí kò bá bọ́ sọ́wọ́ ọ̀jáfáfá.

Kí ni ó gbé ilé yìí ró? Ìdáhùn àkọ́kọ́ ni síléètì fúnra rẹ̀, èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ ń wà jáde láti ara òkè ìdílé náà, nítòsí ibi tí à ń pè ní Bethesda lónìí. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Richard Pennant, tí ohun ìní rẹ̀ di ti Dawkins-Pennant, ní oko ìrèké àti ẹrú ní Jàmáíkà. Aṣòfin ni fún ìlú Liverpool, ó sì lo ipò yẹn láti tako àwọn tó fẹ́ fòpin sí òwò ẹrú. Owó ṣúgà ràn án lọ́wọ́ láti la ọ̀nà, láti ṣe èbúté, àti láti sọ ibi ìwasíléètì náà di ńlá. Nígbà tí òfin ọdún 1833 dá àwọn ẹrú sílẹ̀, àwọn olówó ẹrú ni ìjọba Bìrìtéènì san owó gbà-má-bínú fún. Dawkins-Pennant gba ohun tó lé ní £14,000 lórí ẹrú 764. Àwọn 764 ènìyàn náà kò gba kọ́bọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá gbé ìtàn yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrísí ilé náà. Ìtàn tí ògiri Penrhyn ń sọ ni ti jagunjagun àtijọ́ tó fi idà gba ilẹ̀, tí ọmọ rẹ̀ sì ń jogún rẹ̀ láti ìran dé ìran. Oko ìrèké kò sí nínú ètò náà. Ọ̀nà tí ilé náà gbà ń tan ni jẹ ni pé ó fi ìtàn kan dí ojú ìtàn mìíràn. Ó sọ owó tuntun di ilẹ̀ àtijọ́. Bí Hopper bá kọ́ ilé tí kò sọ nǹkan kan, à bá fi wé afárá tó dákẹ́. Ṣùgbọ́n ilé yìí ń sọ̀rọ̀ gan-an, ó ń sọ̀rọ̀ nípa ẹlòmíràn ni. Àwọn tó ń tọ́jú ilé náà lónìí ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn ẹrú fún àlejò, ohun tó yẹ kí a yìn wọ́n fún ni. Síbẹ̀, àlàyé tí a gbé síwájú àlejò ni ó ń sọ ọ́. Ògiri kò lè sọ ọ́, nítorí pé a kò kọ́ ọ láti sọ ọ́.

Òpó Ọ̀yọ́-Ilé: ohun tí Clapperton rí

Clapperton gba Badagry wọ ilẹ̀ wa ní ìparí ọdún 1825. Méjì nínú àwọn tó bá a rìn, Pearce àti Morrison, kú sójú ọ̀nà. Richard Lander, ìránṣẹ́ rẹ̀, bá a dé Ọ̀yọ́-Ilé. Aláàfin Májọ̀tú ni ó gbà wọ́n lálejò, wọ́n sì wà níbẹ̀ títí di ọjọ́ 7, oṣù kẹta. Nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀, èyí tí a tẹ̀ jáde ní 1829 lẹ́yìn tí òun fúnra rẹ̀ ti kú sí Sókótó, Clapperton ṣàpèjúwe ìlú tó wà lẹ́sẹ̀ òkè àpáta, tí odi amọ̀ àti yàrà yí i ká. Ó ka ẹnubodè 10, ó sì fojú bu àyíká odi náà sí máìlì 15. Ààfin àti ilé àwọn ayaba gba ilẹ̀ tó tó máìlì kan níbùú lóròó. Amọ̀ ni gbogbo rẹ̀, koríko ni òrùlé.

Lẹ́yìn èyí ni ó kan àwọn ilẹ̀kùn, àti àwọn òpó tó gbé ọ̀dẹ̀dẹ̀ ró. Ó ní wọ́n gbẹ́ òjòlá tó ń pa ẹtu tàbí ẹlẹ́dẹ̀ sí wọn lára. Wọ́n gbẹ́ ọ̀wọ́ àwọn jagunjagun tí onílù ń bá rìn. Wọ́n gbẹ́ àwọn tó ń mú ènìyàn lẹ́rú, àti nígbà mìíràn, ẹlẹ́ṣin tó ń fa ẹrú lọ. Ó sì jẹ́wọ́ pé iṣẹ́ ọ̀nà náà kì í ṣe èyí tí a lè fojú rénà.

Ó yẹ kí a yẹ ẹlẹ́rìí yìí wò dáadáa. Lára iṣẹ́ tí ìjọba Bìrìtéènì rán Clapperton ni pé kí ó rọ aláṣẹ Sókótó láti fòpin sí òwò ẹrú. Ojú tó ń wá ẹrú kò ní pẹ́ rí ẹrú. Bí ó bá jẹ́ ẹrú nìkan ni ó rí lára òpó, à bá fura sí i. Ṣùgbọ́n ó rí òjòlá, ó rí onílù, ó sì yin iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ènìyàn tí kò gbọ́ èdè wọn. Lẹ́yìn náà, ohun tó ṣàpèjúwe kò ṣàjèjì sí iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà Yorùbá tí ojú wa tó. Ilẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀ ọmọ Ìsẹ̀ gbẹ́ fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́, èyí tó dé ibi ìpàtẹ Wembley ní 1924, tó sì wà ní British Museum di òní, fi òyìnbó aláṣẹ hàn nínú ibùsùn asorọ̀ tí àwọn arẹrù gbé. Ọlọ́wẹ̀ kò gbẹ́ ẹni tí a gbé láìgbẹ́ ẹni tó gbé e. Àṣà yẹn ti wà ní Ọ̀yọ́-Ilé kí Ọlọ́wẹ̀ tó dáyé.

Ẹ jẹ́ kí a wá ka òpó náà bí a ti ń ka ewì. Òjòlá kì í jẹ ẹran rẹ̀ díẹ̀díẹ̀; odindi ni ó ń gbé e mì. Àwòrán yìí ni àpèjúwe, ogun tí onílù ń bá rìn ni iṣẹ́, ẹrú tí ẹlẹ́ṣin ń fà ni èrè. Gbólóhùn kan ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ibi tí a kọ gbólóhùn náà sí sì ṣe pàtàkì ju gbólóhùn náà lọ. Gbẹ́nàgbẹ́nà ní àyè láti gbẹ́ ẹrú sára àpótí tàbí sára ọpọ́n. Ara òpó ni ó gbẹ́ ẹ sí, ara igi tí òrùlé Aláàfin fẹ̀yìn tì. Ìbéèrè méjèèjì tí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú wá pàdé lára igi kan: ohun tí kò jẹ́ kí òrùlé wó, àti àwọn tí ọrùn wọn ru ìjọba náà. Nínú iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí à ń gbé yẹ̀wò, òpó Ọ̀yọ́-Ilé nìkan ni ó dáhùn méjèèjì pọ̀.

Òrùlé náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ọdọọdún, ní àkókò ọdún Bẹẹrẹ, àwọn ìlú tó wà lábẹ́ Ọ̀yọ́ ń mú koríko bẹẹrẹ wá láti fi ṣe òrùlé ààfin. Ẹni tó bá mú bẹẹrẹ wá ti sọ pé ọmọ abẹ́ Aláàfin ni òun. Ẹni tó bá kọ̀ ti di ọlọ̀tẹ̀. Òrùlé ààfin wá jẹ́ àkójọ orúkọ àwọn tó ń sìn ín. Àwọn tó ń fi òkúta díwọ̀n ilé lè sọ pé koríko kì í pẹ́. Ṣùgbọ́n a ti rí i pé ẹ̀wọ̀n irin Menai pàápàá kò pẹ́ ju àwọn tó ṣetán láti pààrọ̀ rẹ̀ lọ. Kò sí ilé tó ń dúró fúnra rẹ̀. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé Menai ní ìjọba tó lè san owó ẹ̀wọ̀n tuntun. Ọ̀yọ́ ti 1826 kò ní àwọn tí yóò mú bẹẹrẹ wá mọ́ bí ti tẹ́lẹ̀, nítorí pé Ìlọrin ti bọ́, àwọn ìlú mìíràn náà sì ń bọ́. Ògiri ti lanu, aláǹgbá ti wọlé. Nígbà tí Aláàfin Olúewu kú sógun Eléduwẹ̀ ní àwọn ọdún 1830, ìlú náà tú, Àtìbà sì tẹ Ọ̀yọ́ tuntun dó ní gúúsù. Òwe wa ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ti Ọ̀yọ́-Ilé kò rí bẹ́ẹ̀ lójú ibi tó wà. Koríko àti òpó ti di ilẹ̀. Ohun tó kù ni ipa odi amọ̀ tí àwọn awalẹ̀pìtàn bíi Robert Soper àti Babatunde Agbaje-Williams ti ṣe ìwádìí lé lórí.

Ìfọ́nnu àti ìjẹ́wọ́

Ẹnìkan lè takò wá báyìí pé: ṣé òtítọ́ ni ẹ pe èyí? Aláàfin kò gbẹ́ ẹrú sára òpó nítorí pé ó ronú pìwà dà. Ó gbẹ́ wọn kí àlejò lè bẹ̀rù. Ẹni tó ń fi ìwà ìkà yangàn kò sàn ju ẹni tó ń fi í pamọ́ lọ.

Àtakò yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, a sì gba ìdajì rẹ̀. Ìfọ́nnu kì í ṣe ìjẹ́wọ́. Ní ti ìwà, Aláàfin àti Dawkins-Pennant kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra: àwọn méjèèjì jẹ lára ènìyàn. Ṣùgbọ́n ní ti iṣẹ́ ọnà, ìyàtọ̀ wà láàrin wọn, lámèyítọ́ kò sì gbọdọ̀ fi ojú fò ó. Ìfọ́nnu a máa fi ẹ̀rí sílẹ̀. Àlejò tó jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Ọ̀yọ́-Ilé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ọ̀tá tàbí ọmọ ẹrú, rí àwòrán ẹni tí a fà lọ. Ó lè bẹ̀rù, ó lè bínú, ó sì lè rántí. Àlejò tó jókòó ní gbọ̀ngàn Penrhyn kò rí ohun tí yóò rántí. Ilé tó fọ́nnu ti fi ọ̀rọ̀ sí ẹnu ẹni tó fẹ́ dá a lẹ́jọ́. Ilé tó fi nǹkan pamọ́ ti gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀.

Bí ìyẹn bá rí bẹ́ẹ̀, ẹjọ́ náà tún kan àwa. Ó ti mọ́ wa lára láti sọ̀rọ̀ nípa ẹlẹ́ṣin lára òpó Yorùbá gẹ́gẹ́ bí àmì ọlá, àmì agbára, àmì jagunjagun. Gbogbo rẹ̀ ló rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n níbi tí ẹnìkan bá so mọ́ ẹ̀yìn ẹṣin, a sábà máa ń já okùn náà sílẹ̀ nínú àlàyé wa. À ń sunkún àwọn tí wọ́n kó gba Badagry, Èkó àti Ouidah lọ sí Bahia àti Cuba, a sì tọ́ láti sunkún wọn. Lẹ́yìn náà ni à ń yin ààfin Ọ̀yọ́-Ilé bí ẹni pé ìtàn méjì tí kò pàdé ni wọ́n. Àwọn òpó mọ̀ pé ìtàn kan ni. Bí a bá yin òpó náà tán tí a kò ka ẹrú ara rẹ̀, a ti fi ọwọ́ ara wa sọ Ọ̀yọ́-Ilé di Penrhyn.

A mọ orúkọ ọ̀kan nínú irú àwọn ènìyàn tí òpó náà gbẹ́. Ní 1821, àwọn ológun kó Àjàyí, ọmọ Ọ̀ṣoògùn, lẹ́rú. Ní ọdún 1826 tí Clapperton ń wo òpó Ọ̀yọ́, tí wọ́n ń ṣí afárá Menai, Àjàyí yìí, tí orúkọ rẹ̀ ti di Samuel Crowther, wà nílé ẹ̀kọ́ ní Islington, ní London. Ní 1843, ó tẹ ìwé àwọn ọ̀rọ̀ èdè Yorùbá jáde. Lára òpó, ẹrú kò lóhùn. Ẹlẹ́ṣin ni ó ń fà á, onílù ni ó ń bo igbe rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹni tí a fà lọ bẹ́ẹ̀ ni ó wá di ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn tó sọ èdè wa di kíkọ. Gbogbo ẹni tó ń kọ Yorùbá lónìí, títí kan iṣẹ́ tí ẹ ń kà yìí, wà lábẹ́ òrùlé tí ó bá wa gbé ró.

Ìkádìí

A ti gbé iṣẹ́ mẹ́ta ọdún 1826 sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Afárá Menai fi ẹrù rẹ̀ hàn, ó sì dákẹ́ nípa ẹni tó jàǹfààní. Ilé olódi Penrhyn fi ìtàn àwọn Norman dí ojú ìtàn Jàmáíkà. Ààfin Ọ̀yọ́-Ilé gbẹ́ ohun tó ń jẹ sára ohun tó gbé e ró. Bí a bá fi òkúta àti ọjọ́ orí díwọ̀n, Ọ̀yọ́-Ilé ni yóò kẹ́yìn. Bí a bá béèrè iye òtítọ́ tí ilé kan fi síwájú ẹni tó ń wò ó, òun ni yóò ṣáájú.

Ipò kìíní yìí kì í ṣe oyè tí a lè fi yangàn, nítorí ohun tí àwọn òpó náà jẹ́rìí sí. Iṣẹ́ tó já lé wa léjìká ni. Àwọn òpó àti ilẹ̀kùn tí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà wa ti gbẹ́ ṣì wà káàkiri ààfin wa àti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé lókè òkun. Kí ẹni tó bá ń ka ọ̀kan nínú wọn bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹlẹ́ṣin, kí ó sì tọ okùn náà lọ títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ ẹni tó wà ní ìdí rẹ̀.